Àpá Tí Kì Í Ṣe Ti Ọwọ́ Bàbá Mi

Ikùn àwọn obìnrin ìlú wa ni mo kọ́kọ́ jowú láyé mi. Kì í ṣe ẹwà wọn, kì í ṣe aṣọ wọn. Àpá iṣẹ́ abẹ tí bàbá mi ṣe fún wọn ni.

Ní Osi, tí ẹ bá bi obìnrin kan léèrè dókítà tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kò ní fi ẹnu dá yín lóhùn. Yóò gbé bùbá rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò ní kí ẹ wò ó. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìpá fún kì í ṣí tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn títí yóò fi sú yín. Bàbá mi ni oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo tí a ní láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí ojú wọn kò fi ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí ìyá wọn ti na òsì náà títí ó fi gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, òsì ló ń mú abẹ. Ìdí nìyẹn tí ìlà tí wọ́n bá rán fi máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan níparí, bí ìrù aláǹgbá. Àwọn dókítà Ilorin pàápàá mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá rí i lára aláìsàn, wọ́n á ní, "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ bàbá Osi rí."

Ẹni tí bàbá mi bá là, ó di ọmọ wọn nìyẹn. N kò mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀. Tí iṣu tuntun bá dé, olúkúlùkù wọn á mú iṣu kan wá sílé wa, ẹyọ kan péré, bí ọmọ ṣe ń mú iṣu àkọ́kọ́ nínú oko rẹ̀ lọ fún bàbá tó bí i. Wọ́n ń wá láti Koro, láti Idofin, láti Isolo-Opin. Wọ́n á gbé e ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, uṣu ọmọ yín rèé." Bàbá mi á wá béèrè àlàáfíà àpá. Wọ́n mọ àpá oníkálukú. Wọ́n lè gbàgbé ọjọ́ ìbí mi, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ gbàgbé pé ti ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Koro máa ń yún un tí ọyẹ́ bá dé.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo yọ iṣu kan nínú òkìtì náà, mo gbé e yí ilé po, mo gba ojú ọ̀nà wọlé bí àlejò, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, uṣu ọmọ yín rèé."

Èrò kún ilé. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun o. Nígbà wo ni mo là ọ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi fẹ́ràn àwàdà, wọn kò sì ní in lọ́kàn láti dùn mí. Ó dùn mí. N kò jẹ iyán lọ́jọ́ náà, iyán iṣu tuntun ni o.

Nítorí náà, nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lọ́dún kejì, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí mo ń bì, tí ìyá mi ń sunkún, èmi ń yọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Bàbá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo ké, wọ́n ní àpẹ́ńdísì ni, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé mi lọ sẹ́nu tíátà. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń ronú ibi tí màá gbé iṣu tèmi tì lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ omi tó ń dà nínú tíátà, ó ń dà, ó ń dá, ó tún ń dà. Ó pẹ́. Ìgbà tí bàbá mi jáde, wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní kí dírébà gbé ọkọ̀ wá, Ilorin là ń lọ.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí, orí mi wà lórí itan wọn, wọn kò sì sọ gbólóhùn kan títí a fi dé. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló là mí. Àpá tó fi sílẹ̀ gún bíi rúlà, kò tẹ̀ síbì kankan. Títí dòní, tí mo bá ń wẹ̀, n kì í wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi wọ́n, nígbà tí mo ti di olùkọ́ ní Ilorin, tí mo ti bímọ. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò là mí fúnra yín?" Wọ́n ní, "Dókítà Ilorin mọṣẹ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọkọ mi. Ohun tí mo wá fi sọ́kàn ni pé n kò tó ẹni tí wọ́n ń yọ òsì fún.

Bẹ́ẹ̀, ìlú kún fún iṣẹ́ òsì yẹn. Yàrá méjì ni ọsibítù náà nígbà tí bàbá mi dé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n là ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ń sùn sí. Àwọn náà ni wọ́n ń roko ọgbà ibẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn nọ́ọ̀sì tí bàbá mi kọ́ wà ní Iloffa, wọ́n wà káàkiri. Ilorin pe bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n wá di ọ̀gá, wọn kò lọ. Ìlú ní, "Wọ́n mà fẹ́ràn wa o." Èmi jókòó, mo ń bi ara mi léèrè àwọn tó ń jẹ́ "wa."

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá mi dágbére fáyé. A sin wọ́n sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí àlùfáà ní kí àwọn ọmọ olóògbé bọ́ síwájú wá da yẹ̀pẹ̀, èmi àkọ́bí gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì kò ráyè. Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ láti gbogbo ìhà. Àgbẹ̀ kan láti Koro tó ń fi ọ̀pá rìn. Ìyá kan láti Idofin tó wọ hìjáàbù. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá, kò sì sí ẹni tó rò nínú wọn pé òun ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Àlùfáà pe ọmọ, wọ́n sì jáde. Yẹ̀pẹ̀ ti bo pósí kí n tó débẹ̀.

Ni mo bá figbe ta. "Ẹ yà fún mi! Èmi ni ọmọ wọn!"

Ìyá Idofin yẹn wojú mi, kò bínú rárá. Ó ní, "Ọmọ wọn náà ni àwa yí o, àbúrò." Ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá etí bùbá lábẹ́ hìjáàbù kí àlùfáà tó yára dá orin. Èmi ò ní ohun tí mo lè ṣí han ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, Mètírọ̀nù àgbà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù náà nígbà kan, wá sílé wa. Àwọn ni wọ́n ń gbé abẹ lé bàbá mi lọ́wọ́ láti ìgbà ọmọge wọn. Wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò gba omi.

Wọ́n ní, "O pariwo létí ibojì."

"Mo pariwo, mà. Ẹ ti gba bàbá mi lọ́wọ́ mi láti kékeré, gbogbo yín."

"Kí ni a gbà?"

"Ọwọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ọwọ́ yẹn kò ṣe lóore nílùú yìí àfi èmi."

Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ mi.

"Dókítà ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n wọ́n ti re ulé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wá sẹ́nu tíátà, mo ti to gbogbo nǹkan kalẹ̀. Dókítà fọwọ́, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ní kí n gbé abẹ wá kí wọ́n tó gbé ọ wọlé. Mo gbé e lé òsì. Òsì gbọ̀n. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n tún ọwọ́ fọ̀, wọ́n wọ òmíràn. Ó tún gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìwọ ọmọ yìí. N ò rí i kí ọwọ́ yẹn gbọ̀n rí, n ò sì rí i mọ́ títí wọ́n fi fi uṣẹ́ sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ọmọ ẹlòmíì ni mo lè là.' Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé ta ni yóò tún dùbúlẹ̀ fún dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Omi tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dà. N kò mọ̀ pé mo ṣì rántí.

Mo ní kí Mètírọ̀nù tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é kí n rí bó ṣe gbọ̀n. Owú tún ti dé: ojú wọn ló rí i, ojú tèmi kò rí i. Wọ́n na òsì wọn sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ arúgbó ni, ó ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá mi nínú rẹ̀.