Ọmọ Oníyọ̀ Tí Mo Fà Jáde Lódò

Ìyá mi ò mọ̀wé kà, àmọ́ tó bá ń pàlọ́ lágbàlá wa l'Ájégúnlẹ̀, àwọn alákọ̀wé gan-an á panu mọ́. Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwa ọmọdé á rọ̀gbà yí i ká. Àlọ́ oníyọ̀ ni kì í fi sílẹ̀.

Oníyọ̀ kan ń wọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ fì. Oníyọ̀ sáré di àpò iyọ̀ ẹ̀ mú kó má baà tutù, ọmọ bá bọ́ sómi. Ó bẹ odò títí, odò ní òun kì í jẹ ẹ̀bẹ̀, iyọ̀ lòun ń jẹ. Ó da gbogbo iyọ̀ sómi, odò ní kò tó. Ó lọ ra òmíì, ó tún dà á. Títí dòní, kò tíì tó. Ìyá mi á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ìdí nìyẹn tómi òkun fi níyọ̀." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo béèrè bóyá ọmọ náà padà, ó sì gbá mi létí.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láyé. Fọ́tò ẹ̀ kan ló wà lára ògiri: ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ẹ̀ là níwájú, ó wọ kaba aláwọ̀ ọsàn. Omi ló gbé e lọ ní Kirikiri, níbi tí bàbá mi ti ń já ẹrù látinú ọkọ̀ bájì. Ìyá mi ń bu oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú ẹ̀ wà nínú ìkòkò. Wọn ò rí òkú ọmọ náà títí dòní. A kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé wa. Èmi tí mo ń pera mi lọ́lọ́gbọ́n, mi ò so àlọ́ mọ́ fọ́tò yẹn rí.

Mo dàgbà, mo di ayàwòrán. Òkè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road la ti ń ṣe kátúùnù. Ọ̀gá mi ní ká wá àlọ́ ilẹ̀ wa kan, mo bá gbé ti ìyá mi kalẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dùn o, àmọ́ àwọn ọmọdé ò gbọdọ̀ sunkún. Fa ọmọ yẹn jáde." Ẹnu mi dà tí mi ò fi kọ̀? Mo fà á jáde. Mo tún gé "ìdí nìyẹn" dànù, torí kò wúlò mọ́. Nígbà tí mi ò rí ojú tí mo lè fún ọmọ náà, mo mú ti fọ́tò ara ògiri, teyín teyín, tòun ti kaba.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo gbé kọ̀ǹpútà wálé, kí ìyá mi wá rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ogbó ti ń mú un gbàgbé nǹkan nígbà yẹn. Ọmọ jáde látinú omi, àwọn ọmọ àgbàlá pariwo, "E don comot!" Ìyá mi ò pariwo. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Tọ́mọ náà bá ti jáde, kí ló dé tómi fi níyọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Mo ní, "Màámi, kátúùnù lẹ̀ ń wò yẹn."

Ilẹ̀ mọ́, a ò rí ìyá mi. A wá a dé Liverpool Road, láàárín àwọn tírélà, a ò gbúròó ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Lẹ́nu ìyá tó bí wa, ọmọ yẹn máa ń jáde lódò," ó ní. "Ìyá ẹ ló fi í sílẹ̀ síbẹ̀, lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n ẹ lọ. Ṣé o ò gbọ́ ọ rí ni, pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ? Àlọ́ yẹn ló fi sin ọmọ ẹ̀. Ìwọ wá lọ hú u."

Mo tún jáde lọ wá a.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn tó ń já ẹrù ní Kirikiri fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e wálé. Etí omi ni wọ́n ti bá a, ó ń da iyọ̀ sí i, ìró ẹ̀ tutù dé orúnkún. Kaba ọmọdé kan tí mi ò rí rí wà lábíyá ẹ̀, ó ká a dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò bínú rárá. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ mí lọ́wẹ̀.

"Wọ́n láwọn ò rí i níbẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo yà á. Níbo lo ti rí i?"