Àwa Obìnrin Tí A Ru Kọnkéré Ilé Gíga Adébáyọ̀

Dọ́kásì Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìjan-Èkìtì, adúmáadán, ọmọ àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń kún abà, ìyá Fọlákẹ́, ẹ ṣeun o. Bí kì í bá ṣe yín, n kì bá tí sí láyé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, tí mi ò tíì wọlé ọkọ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ lónìí, ẹ ò kà á sí. Nígbà náà, ìyá mi gbójú sókè, wọ́n ní, "Hẹẹ̀! Ulé ni àbí òkè?"

Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan gòkè. Àwa obìnrin ni à ń fi páànù ru kọnkéré gun pákó tí wọ́n tẹ́ bí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí a bá ń da kọnkéré sí àjà, a kì í dúró títí yóò fi kún, torí bí a bá fi í sílẹ̀ dọ̀la, ojú ibẹ̀ á là. Ìyá Fọlákẹ́ ni olórí wa. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin kankan gòkè láì fi ọ̀já di àyà pinpin, abiyamọ tàbí ọmọge. Sọ́ńdè bíríkìlà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ìyá Fọlákẹ́, ọmọ tí ẹ pọ̀n dà?"

"Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ pọ̀n. Sọ ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀, kí o máa bọ̀!"

Àjà tó kẹ́yìn là ń dà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. A ò lè dúró. Èmi ni mo wà níwájú ìyá Fọlákẹ́. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí pákó, páànù fò lọ, mo gbọ́ nígbà tó balẹ̀. Ara mi ti wà níta tán. Àfi bí ìyá Fọlákẹ́ ṣe da ẹrù tiwọn nù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀já mi mú.

"Má wo ìsàlẹ̀! Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Ìbídùn."

"Pariwo ẹ̀!"

Mo ń pariwo Ìbídùn títí Sọ́ńdè fi sáré dé, tí wọ́n jọ fà mí wọlé.

Lónìí, ẹ̀rọ ní ń fa kọnkéré gòkè, inú mi sì dùn sí i. Inú ilé yẹn náà ni àbígbẹ̀yìn mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bàtà gogoro ló fi ń gun àtẹ̀gùn. Gbogbo yín ni ìyá Fọlákẹ́ dì mú lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó wáyé.

A sin wọ́n sí Ìjan ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.