Òpó Tí Màlúù Wobbe Fi Ń Họra

Ní Friesland, lókè òkun, àgbẹ̀ tí kò bá ri òpó sí pápá fún màlúù rẹ̀ láti máa fi họra, ahun gidi ni. Òpó Wobbe kì í tilẹ̀ ṣe igi. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán ni, tí bàbá bàbá rẹ̀ gbé ti òkun bọ̀. Ó ga débi pé ẹyẹ àkọ̀ méjì ti jà dupò lórí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú, wọ́n sọ pápá Wobbe di pápá ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n hú òpó náà, wọ́n rì í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń balẹ̀, wọ́n so àpò aláṣọ gbọọrọ mọ́ orí rẹ̀, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Wọn ò bi Sipkje. Òun ni màlúù kan ṣoṣo tí ogun ṣẹ́ kù fún Wobbe, òpó ìyá rẹ̀ sì ni. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti fún wàrà rẹ̀ tán, á já ọgbà, á lọ fi ìdí ti eegun. Òpó á mì, àpò á máa jó kiri. Ọkọ̀ kan gba àpò gbọ́, ó lọ balẹ̀ sáàárín kábéèjì pásítọ̀.

Ọ̀gá sójà wá sílé Wobbe. “Bàbá, bí màlúù yẹn bá tún débẹ̀ lọ́la, ọbẹ̀ la ó fi sè.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá òpó padà, kò ní wá mọ́.”

“Ṣé kí n wá so àpò mọ́ imú rẹ ni?”

Wobbe fọwọ́ kan imú rẹ̀. Ó gùn, àmọ́ kò tó. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí òpó tí Tetsje ìyàwó rẹ̀ ń ta okùn aṣọ mọ́. Kí Tetsje tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti ṣe pàṣípààrọ̀.

“Òpó mi dà?”

“Ìyá, ó lọ sógun.”

“Kí lo gbà nípò ẹ̀?”

“Òpó Sipkje.”

Tetsje wò ó títí. “Ìdí màlúù wá ṣáájú aṣọ mi nílé yìí. Ó dáa. Aṣọ tìrẹ ni n ò ní fọ̀ mọ́.”

Títí ogun fi parí, Sipkje nìkan ló lè dúró sítòsí Wobbe.

Ọjọ́ tí àwọn ará Jámánì sá lọ, aládùúgbò ń sáré kó àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sílẹ̀. Òpó aṣọ ni Wobbe gbé, tòun ti àpò lórí ẹ̀. Tetsje fi àpò náà rán ṣòkòtò abẹ́ fún un, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn òpó rẹ̀. Títí Wobbe fi kú lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ṣòkòtò yẹn ni gbogbo abúlé fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kò ṣì wọ́n lọ́nà rí, àfi ìgbà tí ọmọ Sipkje bá já ọgbà wá họra lára òpó Tetsje.