Ọgbẹ́ Tí A Ń Fi Òróró Pa

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ àbúrò mi nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkòsí. Ìyá rẹ̀, ìyẹn àbúrò mi, ti kú, ṣùgbọ́n ẹbí ní kí a má tíì sọ fún un, kí ó parí ìdánwò rẹ̀ ná. A ní ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Èmi ni mo máa ń pa irọ́ náà jù. Mo tilẹ̀ máa ń sọ pé ó ní kí n bá òun kí i.

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilà ní apá rẹ̀ láàárọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti èékánná ológbò. A ò sì ní ológbò. Ó ní òun kàn jí bá a lára ni. Orí mi wú. Mo ní ọwọ́ ayé ni. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé, mo sì pe àwọn ìyá ìjọ. Bí a bá ti ń fi òróró pa á lápá, á máa wo ẹ̀yìn wa bí ẹni pé ẹnìkan dúró níbẹ̀. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn ní Àgbóyì ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láìkàn án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo bá tó ń kọ ilà náà sí i lápá.

Oníbìínú ni mí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo ti la ẹnu láti jágbe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pa rọ́rọ́ débi pé ẹ̀rù bà mí ju ti ayé lọ. Mo jókòó tì í.

“Aunty, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé Mummy ti kú. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀ ń sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Inú mi kàn kú, bí ẹni pé mi ò sí níbí. Tó bá ta mí, mo máa ń mọ̀ pé mo wà. Àmọ́ kì í pẹ́ tí inú mi fi máa ń tún kú.”

“Kí ló dé tó o wá jẹ́ ká máa gbàdúrà lé e?”

“Torí ọgbẹ́ tó wà nínú, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án rí.”

À ń lọ rí dókítà ní Kétu báyìí, òun ló ń kọ́ mi bí mo ṣe lè máa gbọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sọ ọ́ jáde: “Mummy rẹ ti kú.” Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi náà sunkún àbúrò mi.