Sìmẹ́ǹtì Lórí Àpáta Yèyé

"Ta ló ṣe é? Mo ní ta ló ṣe é!"

Igbe tí Yèyé ké láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, lójú ọ̀nà oko kòkó wa. Òun ló bí bàbá mi. Ìda oyin tó ti fi iná rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e kó má baà tètè le. Àpáta wà níwájú wa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí mọ́. Sìmẹ́ǹtì ló bò ó, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, òórùn ọ̀dà gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sí i, wọ́n wá ya alángbá kan sábẹ́ rẹ̀ tó sanra bí ọ̀nì. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà yẹn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ gbọ́ bí màmá yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n bàjẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ló ń rọ. Àwọn ará àtijọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ti gbẹ́ àwòrán sára àpáta yẹn: alángbá, ẹsẹ̀ ẹyẹ, òrùn, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Yèyé kì í wò wọ́n yà. Ojú àpáta gan-an ló máa ń tẹ ìda mọ́, á fi àtàǹpàkò tì í wọ inú gbogbo ìlà náà, á wá rọra ṣí i. Tó bá délé, á ká a bí ẹ̀gbà, á fi amọ̀ bò ó, á gbé e síná. Ìda á yọ́ jáde, á da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹwìrì tó fi ń fẹ́ iná náà. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èédú á máa ta pàrà, òórùn oyin á sì máa mú kí ebi pa mí. Tó bá fọ́ amọ̀ náà, alángbá orí àpáta ló máa wà lára idẹ, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ o! "Ìyàwó tí kò bá ní ẹ̀gbà mi lọ́wọ́, kó padà sí ulé baba rẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Tó bá ń jó lọ síbi ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìró ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orin mọ́lẹ̀.

Bàbá mi ló ṣe é. Ọmọ bíbí inú rẹ̀! Bírìkìlà ni bàbá mi, láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti ń wá a kó wá rẹ́ ògiri fún wọn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó fẹ́ kó àlejò wá wo àpáta àtijọ́ wa, ni ìgbìmọ̀ ìlú bá ní ara rẹ̀ ti rí jágajàga jù, kí bàbá mi rẹ́ ẹ, kí ayàwòrán tún àwòrán náà yà kó lè hàn dáadáa. Àlejò ń bọ̀ wá wo nǹkan, ẹ lọ bo nǹkan náà mọ́lẹ̀! Ṣé orí wọn pé?

Bàbá mi gbọ́ igbe Yèyé, ó jáde sí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. "Yèyé, ẹ ti rí i? Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"O rí mi fín," ni Yèyé wí. "Uṣẹ́ tí baba mi kọ́ mi lo rì mọ́lẹ̀ yìí."

"Ẹ má bínú. Ṣebí ẹ ní ẹ̀gbà púpọ̀ nílé, ẹ lè máa wo ìyẹn rọ òmíràn."

"Ẹ̀dà ni mo ń ṣe lójú rẹ?" Ìgbà náà ló bú sẹ́kún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Ẹ̀rù ba bàbá mi. Ó sáré mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sìmẹ́ǹtì náà. Ṣùgbọ́n ó ti pò ó le jù. Bó ṣe ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ojú àpáta ń bá a ṣí, ẹsẹ̀ ẹyẹ sì já bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ó dáwọ́ dúró.

Ìgbìmọ̀ ò tijú. Wọ́n tún wá bẹ Yèyé pé kó rọ ẹ̀gbà tí wọ́n máa fi ta àlejò lọ́rẹ. Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbà. Ó gbé ìda lọ sídìí àpáta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú sìmẹ́ǹtì náà bó ti máa ń ṣe, ó dá iná.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbà náà ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Obìnrin kan lára àwọn àlejò yí tirẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Màmá, àwòrán rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tó wà lórí àpáta náà nìyẹn," Yèyé dáhùn. Ó nawọ́ sí bàbá mi níṣojú gbogbo ìlú. "Ẹ bi ọmọ mi."

Kò rọ ẹ̀gbà mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn ẹbí máa ń sọ pé kí n gbàgbé, pé bàbá mi ò ní i lọ́kàn láti ṣe ibi. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sì bi í léèrè. Ìyẹn ló ń ká mi lára jù. Títí dòní, mi ò lè rí ẹni tó ń tún nǹkan onínǹkan ṣe láìbéèrè kí n má pariwo lé e lórí.

Láìpẹ́ yìí ni mo sọ ọ́ sójú bàbá mi. Ó ti darúgbó. Mo ní, "Bàbá, inú yín ṣì ń bí mi." Mo rò pé á bá mi wí.

Ó ní, "Máa bínú, ọmọ mi. Bí ìwọ náà bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé nǹkan kan wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn."