Etí Aṣọ Tí A Kò Tú

"Dúró jẹ́ẹ́, kí bíléèdì má gé ọ!" Orí àpótí ni ìyá ìyá mi gbé mi dúró sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Rumuomasi. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú etí yunifọ́ọ̀mù mi. Òjò ń lu páànù, òórùn epo maṣíìnì àti aṣọ tuntun gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ṣe fa aṣọ náà wálẹ̀, ilà búlúù kan yọ létí rẹ̀, ó ń dán, torí oòrùn kò dé ibẹ̀ rí. Mo kígbe ayọ̀. Mo ti wọ kíláàsì kejì nìyẹn!

Màmá, bí a ṣe ń pe ìyá ìyá mi, ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé ìjọba àdúgbò wa. Á rán an gùn, á wá ṣẹ́ etí rẹ̀ po léraléra, kí wọ́n lè máa tú u lọ́dọọdún títí ọmọ á fi jáde. Bí òbí kan bá ní, "Mama, e too long o," á rẹ́rìn-ín: "E go grow reach am." Ilà etí aṣọ la fi ń mọ ẹ̀gbọ́n láàárín wa. Ẹni tí ilà rẹ̀ pọ̀ ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ lásán ni tiwa.

Àmọ́ òrùlé kíláàsì wa ń jò, tíṣà kan ló sì ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀. Àwọn iléèwé aládàáni ń hù kiri bí olú, tòun ti táì àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń bá wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún," ni Màmá ń wí. Síbẹ̀, láràárọ̀, ojú títì ló ń wò, bóyá á rí ẹni tó wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́dún yẹn náà ni ìyá mi dé láti ibi iṣẹ́, tó ní òun ti rí iléèwé fún mi ní Elelenwo.

"Màmá, ẹ wò ó, ọmọ yìí ò lè ka ojú ewé kan tán!"

Màmá dá maṣíìnì dúró. "Bí gbogbo yín bá kó ọmọ yín kúrò, ta ló máa bá wọn tún iléèwé náà ṣe?"

"Ọmọ tèmi kọ́ ni wọ́n máa fi tún un ṣe, Màmá."

Ìyá mi jàre, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Rírà ni wọ́n ra yunifọ́ọ̀mù tuntun, ó ṣe rẹ́gí lára mi. Kí ọdún tó yí po, ó ti há, wọ́n ra òmíràn. Màmá gbé ti àtijọ́ kọ́ sára ògiri. "Jẹ́ ó wà níbẹ̀, ọkọ mi. Bóyá wàá padà wá." Mi ò padà.

Màmá ti lọ báyìí. Ní Eneka tí mò ń gbé, iléèwé aládàáni ni ọmọ tèmi náà ń lọ, ẹ má bú mi. Aṣọ yẹn ni mo mú nínú ẹrù Màmá. Ó ti ṣá, ilà kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀. Bí àárò Màmá bá ń sọ mí, mo máa ń fọwọ́ tẹ ìṣẹ́po tó kù, ó ṣì nípọn. Àwọn ọdún tó rán dè mí wà nínú rẹ̀, oòrùn ò sì tíì kan búlúù wọn.