Ọwọ́ Mọ̀ńsúrátù Kan Etí Rẹ̀

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èmi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ṣì kéré, tí kọmandá Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Bouaké, ìlú àjèjì tí àwọn bàbá wa ti ń ṣòwò. Bàbá mi ti mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ó ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi di etí òsì mú. Mo nà án, mo nà án, ìka mi kò kọjá irun. Bàbá mi ní, "Ràbí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí iléèwé tó gbọmọ."

Ẹ ó rántí pé ọ̀pọ̀ wa kò ní ìwé ìbí nígbà náà. Ọwọ́ tó bá kan etí ni iléèwé fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó kàwé. Bàbá mi kò sì tíì bí ọkùnrin. Ó ń ta aṣọ lọ́jà, ó sì ti sú u kí ó máa gbé ìwé owó-orí rẹ̀ ká àdúgbò Koko kiri, kí ó máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n bá òun kà á. Èmi ni ó fẹ́ kí n máa kà á. Mo fẹ́ràn Bàbá mi púpọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹgba. Ẹ̀rù pé n ó já a kulẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi Mọ̀ńsúrátù ló gbà á níṣẹ́ láti mú ọwọ́ mi gùn. Agbo ilé kan náà là ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá wa méjèèjì ti wá, bàbá tirẹ̀ sì ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá mi. Ó fi díẹ̀ ga jù mí lọ, ọwọ́ tirẹ̀ sì ti kan etí tipẹ́. Láràárọ̀, tí a bá ti gbálẹ̀ tí a sì ti pọnmi tán, yóò fi òrí pa mí léjìká, yóò ní kí n dìrọ̀ mọ́ ẹ̀ka gúáfà tó wà lẹ́yìn ilé, yóò wá máa fà mí lẹ́sẹ̀.

"Mọ̀ńsú, ó ń dùn mí!"

"Jẹ́ kó dùn ọ́. Bó bá já, n ó bá ọ gbé e lọ síléèwé."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ka náà dá. Ìyá mi ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀, kí a kọjú sógiri, kí a gbé ọwọ́ sókè. Oòrùn ń pa wá, iyanrìn ń gún wa lórúnkún, òórùn iṣu sísun ń ti ìdí iná wá. Mọ̀ńsúrátù sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé kí n má bẹ̀bẹ̀ o, pé ìjìyà yìí gan-an yóò mú ọwọ́ mi gùn. Ẹ̀rín pa wá. Ìyá mi tún fi ìjìyà kún un. Nígbà tó dá wa sílẹ̀, ó bu iṣu gbígbóná fún wa, ó fi epo àti iyọ̀ sí i, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. N kò tíì jẹ iṣu tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo ti gbìyànjú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ mi ṣì ku ìwọ̀n ìka kan. Bàbá mi wò ó. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ tuntun kan tí ojú rẹ̀ ń dán, ó fi bébà wé e, ó gbé e rù mí, a sì jọ rìn dé ilé akọ̀wé iléèwé ní àdúgbò Dougouba. Mùsé ni gbogbo wa ń pe akọ̀wé náà. Ìyàwó rẹ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí mi. Mùsé fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Inú mi dùn.

Nígbà tí a padà délé, mo gbọ́ tí Ìyá mi ń bi Bàbá léèrè: "Ẹ ti lọ ra ọkùnrin yẹn, àbí?"

"Ta ló ra ènìyàn? Aṣọ ni mo rà, mo sì fi ta á lọ́rẹ."

"Ọ̀rẹ́ wo lẹ ti bá a ṣe rí, Bàbá Ràbí?"

Bàbá mi ní kí ó bu omi àlùwàlá fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Mọ̀ńsúrátù tò sí ìlà nínú ọgbà iléèwé. Àwọn ọmọ tó ti wà níbẹ̀ ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ṣe wá ní yẹ̀yẹ́: "Anago! Anago!" Mọ̀ńsúrátù yọ ahọ́n sí wọn. Mùsé ní àyè kan ṣoṣo ló kù fún ọmọbìnrin. Òun ló wà níwájú mi. Ó gbé ọwọ́ kọjá orí, ó di etí mú, ó tilẹ̀ ká a po. Mùsé wò ó, ó ní, "Kò kàn án."

"Ó kàn án, Mùsé. Ẹ wò ó."

"Mo ní kò kàn án. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Èmi náà na tèmi. Inú irun ni ìka mi dúró sí. Mùsé ní, "Ó kàn án," ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, Mọ̀ńsúrátù kò sunkún. Ó dúró, ó tún fi ọwọ́ di etí mú, ó ní, "Ràbí, ẹ̀yìn mi lo wà. Ṣé ó kàn án àbí kò kàn án?"

Mo ní, "N kò rí i dáadáa."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọmọdé ni mí, pé n kò mọ ohun tí aṣọ ọjọ́ Àìkú ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ó kàn án, wọ́n lè gba àyè náà lọ́wọ́ mi. Ayọ̀, ẹ̀rù àti ìtìjú dà pọ̀ nínú mi. N kò mọ èyí tó fèsì nínú wọn.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Mọ̀ńsúrátù ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo máa ń fa ilà sùwẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, n ó fò ó dé ìdajì, n ó pa á rẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ní mo ti tẹ ilà.

Lónìí, ìwé ìbí ni iléèwé ń béèrè, ọgbà iléèwé náà sì ti gbòòrò. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, èmi ni mò ń ka gbogbo ìwé Bàbá mi, tó ti di Àlàájì, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo ní yàrá tèmi, mo ní tábìlì tèmi. Nígbà yẹn n kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó mọ̀ mí. Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyẹn, àárò rẹ̀ sì máa ń sọ mí gan-an.

Ní oṣù tó kọjá, Mọ̀ńsúrátù padà dé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá ṣàdúrà fún un, àdúrà náà sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ rẹ̀ rí àwọn ìwé mi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin náà mọ̀wé kà?"

Mọ̀ńsúrátù rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi kúrú nígbà náà ni. Bi Àǹtí Ràbí, ojú rẹ̀ ló ṣe."

Ọmọ náà wò mí. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sọ nǹkan kan. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, n kò sì lè sọ pé ọmọdé ni mí mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, Mọ̀ńsúrátù yóò tún wá kí Bàbá lọ́jọ́ Iléyá. Bí mo bá sọ òtítọ́, n ó tú Bàbá mi láṣìírí lójú ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí i. Bí n kò bá sọ ọ́, Mọ̀ńsúrátù yóò máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ni kò tó. Ṣé kí n kọ́kọ́ bá Bàbá sọ ọ́, kí ó fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́? Àbí kí n lọ bá Mọ̀ńsúrátù nílé rẹ̀, kí n sọ ti èmi nìkan, pé mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kan etí? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?